Ègé Aṣọ Tí Ẹ̀gbọ́n Kò Wọ̀ Rí

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìkíni parí síbẹ̀, torí inú mi ò dùn.

Kì í ṣe èmi ni mo lé Màmá kúrò nílé. Mo mọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Fọ́tò ni, ayàwòrán tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wa. Ọkùnrin tí kò lè ya àwòrán ènìyàn kó má gé orí onítọ̀hún dànù ni ẹ wá gbára lé pé ó ròyìn ilé wa ní kíkún. Màmá fi ẹsẹ̀ ara wọn jáde ní ọ̀sán gangan. Wọ́n gbé àpò kan dání, wọ́n sì ń kí gbogbo ojúlé bí wọ́n ṣe ń lọ. Tó bá jẹ́ pé mo lé wọn ni, ṣé wọ́n á ráyè kí ènìyàn?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ rántí kúbùsù alábùlẹ̀ tí Bàbá ṣèlérí fún Màmá kí wọ́n tó bí yín. Ẹ rántí bó ṣe rí: ègé aṣọ tí ará ilé kọ̀ọ̀kan ti wọ̀ gbó ni Bàbá ń rán pọ̀ sí ojú rẹ̀, wọ́n á wá fi òwú sí àárín, aṣọ gbalaja kan á sì wà lẹ́yìn. Gbogbo ìgbà tí Bàbá bá mú un jáde, oníbàárà kan á wọlé, wọ́n á tún ká a padà sínú àpótí. Télọ̀ ni wọ́n, aṣọ oníbàárà ló ń ṣáájú. Inú àpótí la dàgbà bá a, inú àpótí náà ni ẹ fi í sí tí ẹ fi lọ.

Màmá fúnra wọn ló ra aṣọ búlúù tí wọ́n máa fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, mánẹ́jà ilé-epo gbé kóòtù wá, ó ń kánjú bí ẹni tí ilé ń jó. Bàbá wá aṣọ tí wọ́n máa fi ṣe inú kóòtù náà, wọn ò rí. Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n sì gé aṣọ búlúù Màmá. Ọjọ́ kẹta ni Màmá pàdé mánẹ́jà yìí lójú títì. Ó ṣí kóòtù láti yọ kálámù, búlúù náà sì yọjú sí wọn.

Màmá ò pariwo. Wọ́n wọlé, wọ́n dúró síwájú ẹ̀rọ ìránṣọ Bàbá, wọ́n ní, “Bàbá wọn, ọkùnrin kan ń gbé ìlérí mi wọ̀ kiri ìgboro.”

Bàbá ní aṣọ lásán ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé Màmá. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún Fọ́tò.

Wọ́n wà lọ́dọ̀ àbúrò wọn tó ń yan búrẹ́dì, òpópónà kan péré ló wà láàárín wa. Ṣùgbọ́n àbúrò Màmá yìí ń kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní ìlú mìíràn nígbà tí oṣù keje bá wọlé, Màmá sì ti ní àwọn máa bá a lọ. Wọ́n ní àwọn ò bínú, àwọn kàn fẹ́ máa sùn sí ibi tí nǹkan ti máa ń parí. Tí wọ́n bá fi lè wọ ọkọ̀ yẹn, ẹ mọ ìyá yín, wọn ò ní sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá ò ní bẹ̀ wọ́n. Ìyẹn náà, ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni wọ́n ń po tíì sí ife méjì, wọ́n á jókòó wo èkejì títí á fi tutù, wọ́n á wá mu ún. Láti ìgbà tí àìsàn èṣí ti mú wọn, ìka ọwọ́ ọ̀tún wọn ti ká sínú, abẹ́rẹ́ ò dúró níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, èmi ni mo máa parí kúbùsù náà. Mo mọ̀ pé bíríkìlà ni mí. Ilé télọ̀ ni wọ́n bí mi sí, mo ti mọ abẹ́rẹ́ kí n tó mọ ṣọ́bìrì.

Ègé kan ṣoṣo ló kù lójú rẹ̀, tiyín sì ni. Bàbá fi ààyè yín sílẹ̀ láàárín. Ẹ fi aṣọ tí ẹ ti wọ̀ gbó ránṣẹ́, ìbáà jẹ́ apá ṣẹ́ẹ̀tì tàbí ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ohunkóhun tó bá ti mọ ara yín. Mi ò fẹ́ àlàyé. Lẹ́tà ni mo sì kọ, torí tí mo bá pè yín lórí fóònù, tí ọ̀rọ̀ sì kàn yín, ìpàdé ni ẹ máa ń wà.

Àbúrò yín tí ẹ ń pè ní Olórí-kunkun.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Àbúrò,

Báwo ni ara? Lẹ́tà rẹ dé. Inú ilé ìwẹ̀ ọ́fíìsì ni mo ti kà á, kí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ má bàa bi mí ta ló ń bá mi jà. Ìwé abúlé tí o kà hàn nínú rẹ̀ dáadáa. O fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn, o sì ń bú u láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí ọ̀rọ̀ yìí. Àgbàlagbà méjì ń jà lórí àkísà. Ọmọ wọn tí kò níṣẹ́ tó tó ṣe wá gbé abẹ́rẹ́, ó fẹ́ fi rán wọn pọ̀. Tí mo bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni níbí, wọ́n á rò pé mo ń pa àlọ́ ni. Bó bá jẹ́ kúbùsù ni Màmá ń wá, kúbùsù ò wọ́n láyé. Mo ti ra ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń bọ̀ wálé máa gbé e fún ọ kí oṣù yìí tó parí. Ilé-iṣẹ́ ló ṣe é, ẹ̀rọ ló rán an, ìlà kan ò wọ́ nínú rẹ̀, ó sì ń dán. Gbé e fún Màmá, kí wọ́n máa bọ̀ nílé. Sọ fún Bàbá kí wọ́n da àjákù yẹn nù, kí ìwọ náà padà sídìí bíríkì rẹ.

Ní ti aṣọ gbígbó, mi ò ní. Níbi tí mo wà, tí aṣọ bá ti ń ṣá, a máa ń kó o sínú àpótí tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ títì fún àwọn aláìní. Àwọn tí Bàbá rán fún mi náà ti bá ibẹ̀ lọ. Kóòtù tí wọ́n ní kí n wọ̀ rìnrìn àjò ọjọ́sí, nínú ọkọ̀ ojú irin ni àwọn ènìyàn ti ń wò mí bí ẹni tó jí aṣọ bàbá rẹ̀ gbé. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo bọ́ ọ.

Má kọ irú lẹ́tà yẹn sí mi mọ́. Kí Bàbá fún mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìnáwó. Kúbùsù ilé-iṣẹ́ dé, ó sì ń dán lóòótọ́. Nígbà tí mo tú u lójúde, adìyẹ aládùúgbò sá.

Mo gbé e lọ fún Màmá bí ẹ ṣe ní. Wọ́n fi ọwọ́ pa á, wọ́n yí i padà, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń wo gbogbo aṣọ. Wọ́n wá bi mí pé, “Ta ló wà nínú ẹ̀?” Mo ní kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Wọ́n ní ó mọ́ tónítóní, wọ́n sì kí yín pé ẹ ṣeun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òun ni mo bá tí wọ́n fi bo àtẹ búrẹ́dì. Búrẹ́dì ọ̀hún kì í tutù mọ́ kí ó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Àwọn oníbàárà ní kí n máa kí yín.

Ẹ ní mi ò níṣẹ́ tó tó ṣe. Mo ń mọ ilé alájà mẹ́ta kan lọ́wọ́, orí òkè ni mo máa ń wà láti àárọ̀. Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, màá fọ ọwọ́, màá fi òróró pa á kí sìmẹ́ńtì ara rẹ̀ má bàa fa aṣọ ya, màá jókòó sídìí kúbùsù. Káfíńtà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lórí ilé náà kan férémù onígi fún mi, òun ni mo na kúbùsù lé. Aṣọ ẹ̀yìn tuntun ti wà níbẹ̀, mo ti rẹ ẹ́ sómi, mo ti lọ̀ ọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo gbé férémù sí torí inú ilé ò gbà á, gbogbo ayé ló sì ń rí mi.

Fọ́tò rékọjá sí ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní ṣé mo ti ń múra ilé ọkọ ni. Mo ní kó jókòó, kí n kọ́kọ́ rán ẹnu rẹ̀ pọ̀ dánra wò kí n tó kan aṣọ. Kò jókòó. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún dé. Ó rí ihò tó wà láàárín kúbùsù, ó bi mí pé ti ta ni, mo sọ fún un. Ó ní kí n má ṣèyọnu, òun ní ògbólógbòó ṣòkòtò kan tí òun lè gé fún wa. Ẹ rí ẹni tó fẹ́ di àkọ́bí bàbá yín. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà, kí n lè kọ̀wé sí yín pé ìdí Fọ́tò ló wà ní ààyè yín.

Bàbá ni kò gbà. Wọ́n gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọn kì í sọ̀rọ̀. Tí ìrán mi bá gùn ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ, wọ́n á fi igi gbá férémù, màá sì tú u. Àwọn ìrọ̀lẹ́ kan wà tó jẹ́ pé títú ni mo ń tú, mi ò rán nǹkan kan. Mo ti bú wọn nínú ọkàn mi ju bí mo ṣe bú yín lọ, ẹ jẹ́ kí ìyẹn tù yín nínú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo ní kí n kúkú fi aṣọ tèmi dí ihò náà kí iṣẹ́ lè parí, wọ́n fi ọwọ́ òsì bo ihò náà mọ́lẹ̀, wọn ò gbé e kúrò títí mo fi kó abẹ́rẹ́ àti òwú mi nílẹ̀.

Oṣù kẹrin la wà yìí. Àbúrò Màmá ti ń ta àwọn agolo tó fi ń yan búrẹ́dì. Ẹ ní ẹ kó aṣọ fún àwọn aláìní. Ìyá yín ò ní kúbùsù, bàbá yín ò ní ìyàwó nílé. Àwọn aláìní wo lẹ tún ń wá?

Ẹ fi aṣọ ránṣẹ́.

Olórí-kunkun.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Àbúrò,

Fọ́tò ti fi àwòrán àtẹ búrẹ́dì ọ̀hún ránṣẹ́ sí mi. Búrẹ́dì ló ń sùn sábẹ́ ẹ̀bùn tí mo rà. Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín.

Mo gba lẹ́tà rẹ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti dáhùn ni, kí n má bàa sọ ohun tí mi ò ní lè kó padà.

Aṣọ wà nínú àpòòwé yìí. Òwú gidi ni, pupa fòò ni, ilé ìtajà tó ga jù ládùúgbò mi ni mo ti rà á. Tuntun ni, ẹnikẹ́ni ò wọ̀ ọ́ rí. Mi ò ní fi àkísà ránṣẹ́ sílé kí Fọ́tò máa yà á láwòrán. Bẹ́ ẹ bá lè lò ó, ẹ lò ó. Bẹ́ ẹ ò bá lè lò ó, ẹ fi dí ojú fèrèsé. Ohun tí mo ní nìyẹn.

Ṣé lóòótọ́ ni pé àárín ni Bàbá fi ààyè mi sí?

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù keje

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìfojúsọ́nà. Ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé, ọwọ́ mi dí. Mo sì fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ mọ bó ṣe máa ń rí.

Aṣọ pupa yín dé. Ìlà tí ilé ìtajà fi ká a ṣì gún lára rẹ̀ bíi rúlà. Mo wò ó, mo ní ẹ kúkú wá fi àmì owó sí i kí Màmá máa kà á lójú oorun. Mo jù ú sórí àpò sìmẹ́ńtì, mo sì sọ fún Bàbá pé ẹ ti dáhùn, pé aṣọ ṣọ́ọ̀bù lẹ fi ránṣẹ́, mo sì máa dá a padà fún yín.

Bàbá ní kí n mú un wá. Wọ́n fà á lọ síhìn-ín, wọ́n fà á lọ sọ́hùn-ún, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ní aṣọ tuntun máa súnkì lọ́jọ́ tí omi bá kọ́kọ́ kàn án. Tí ó bá sì jẹ́ pé àárín ló wà, gbogbo àwọn tó yí i ká ló máa fà mọ́ra, kúbùsù á wú gọngọ bí ikùn mánẹ́jà. Wọ́n ní kí n lọ rẹ ẹ́. Mo rẹ ẹ́, mo sá a, mo gbé e wá. Bàbá tún fọwọ́ kàn án, wọ́n ní ó ṣì le, aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ ò ní bá àwọn tí wọ́n ti wọ̀ gbó dọ́gba.

“Wọ̀ ọ́,” ni wọ́n wí.

Mo ní kì í ṣe tèmi.

“Ṣé ẹni tó ni ín wà níbí ni?”

Báyìí ni aṣọ yín ṣe dé ọrùn mi. Mo wé e mọ́rùn gun òkè ilé alájà mẹ́ta láràárọ̀, pupa fòò, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á ti máa rí mi látọ̀ọ́kán. Káfíńtà ní ṣé mo ti dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ ni. Àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì ń pè mí ní Ìyàwó Àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Mo fi nu òógùn, mo fi nu imú, mo fi di ife tíì gbígbóná mú, mo tẹ́ ẹ sórí bíríkì jókòó lé nígbà tí oòrùn bá mú. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá fi nu ojú ni mò ń bú yín. Mo ní ẹ wo ọlọ́lá tó ń fi ọrùn ẹlòmíì wọ aṣọ. Mo ń fọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́, mo sì ń tún un wé láàárọ̀. Aṣọ náà ò dá mi lóhùn. Ó ń ṣá, ó sì ń rọ̀. Nígbà tó yá, mo máa ń gbàgbé pé ó wà lọ́rùn mi, ó di ọjọ́ tí Bàbá na ọwọ́ sí i níbi tí mo ti ń jẹun, tí wọ́n ní ó ti tó.

Mo rán an sí àárín. Ẹ bi mí léèrè bóyá àárín ni. Àárín ni. Mi ò purọ́ fún yín rí, ìyẹn náà sì wà lára ohun tí ẹ kórìíra lára mi.

Màmá wá kí wa pé ó dìgbóṣe nígbà tó ku ọ̀la kí ọkọ̀ àbúrò wọn gbéra. Wọ́n ní àwọn ò ní jókòó. Kúbùsù wà lórí férémù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn ò sì lè wọlé láìgba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé etí rẹ̀ sókè, wọ́n kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn. Wọ́n wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá wo ojú, tí wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí i lọ́kọ̀ọ̀kan: ìró wọn ti ọjọ́ ìgbéyàwó, ṣòkòtò iléèwé mi tí orúnkún rẹ̀ ti lu, ṣẹ́ẹ̀tì tí Bàbá wọ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́. Bàbá wà lórí àga wọn, wọ́n ń wo títì bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn.

“Ta ni pupa yìí?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni, Màmá.”

Wọ́n gbé e sí imú. “Òórùn ẹ̀ kọ́ nìyí. Sìmẹ́ńtì ni mò ń gbóòórùn ẹ̀.”

“Òun ló rà á. Èmi ni mo bá a wọ̀ ọ́.”

Màmá tẹjú mọ́ mi. Mo rò pé wọ́n fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di férémù mú, ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé Fọ́tò jáde wá síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n ní àwọn bí ọmọ méjì, ọ̀kan ń ra aṣọ tí kò lè wọ̀, èkejì ń wọ aṣọ tí kò rà, àwọn méjèèjì ò sì lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìbú ara wọn.

Ìgbà tí ẹ̀rín tán ni wọ́n rí i pé apá kan etí kúbùsù náà ṣì ṣí sílẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Wọ́n yíjú sí Bàbá, wọ́n ní, “Bàbá wọn, kò tíì parí.”

Bàbá gbé ojú kúrò ní títì. “Ọwọ́ mi ni ò gbà mọ́,” ni wọ́n wí. Láti ìgbà tí àìsàn ti mú wọn, wọn ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìgbà tí ife bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, ife ni wọ́n ń dá lẹ́bi.

Màmá fa àga. Wọ́n ki òwú bọ abẹ́rẹ́, wọ́n fi abẹ́rẹ́ sáàárín ìka Bàbá tó ti ká, wọ́n fi ọwọ́ tiwọn dì í mú níta. Àwọn méjèèjì wá ń rán an. Ìrán náà burú. Ó wọ́ lọ sókè, ó wọ́ wá sílẹ̀, ọmọ iléèwé á rán jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má fà á, Bàbá ń dáhùn pé àwọn ti ń ránṣọ kí àwọn tó mọ Màmá. Mo dúró, mo ń wò wọ́n, mi ò sọ nǹkan kan. Ẹ lè bi ẹnikẹ́ni, ó ṣòro fún mi.

Nígbà tí wọ́n dé ìparí rẹ̀, Màmá fi eyín já òwú. Wọn ò wojú Bàbá, wọn ò sì wojú mi. Wọ́n kàn ní kí n lọ gba àpò àwọn wá lọ́dọ̀ àbúrò àwọn.

Mo bá àpò náà lẹ́nu ọ̀nà, àbúrò Màmá ti dì í. Ó ní kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n òun pé òun ti fi agolo búrẹ́dì tó ṣẹ́ kù sí àga wọn nínú ọkọ̀ láti àárọ̀.

Màmá wà nílé. Mo fẹ́ ka àwọn tó dúró tì mí lórí iṣẹ́ yìí fún yín, kí ẹ lè mọ̀ wọ́n. Mo ka Bàbá, tí wọ́n fi igi gbá férémù títí ọwọ́ mi fi gún. Mo ka káfíńtà. Mo ka àbúrò Màmá. Fọ́tò wá yà wá ní àwòrán pẹ̀lú kúbùsù náà, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa, ó sì gé orí Bàbá, mi ò mọ̀ bóyá kí n kà á. Nígbà tó kàn yín, mo gbé kálámù dúró, mo wo aṣọ yín láàárín kúbùsù, ẹ ti wà níbẹ̀ láàárín wa, mi ò sì ka ẹnikẹ́ni mọ́.

Àbúrò yín.